Wúfà Tuntun Inú Ọkọ̀ Didier

                                        Lẹ́yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Godomey,
                                        Lẹ́bàá Kútọ̀nú.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, 2024.

Ràzáàkì, ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé,

Báwo ni Kétu? Àdìzátù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ tó gbé gààrí tí ẹ fi ránṣẹ́ wá fún wa pé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, pé wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Inú mi dùn sí i. Bá mi kí wọn kú ewu. Gààrí náà dára gan-an. Florentine ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọ pé ó kúnná ju ti ọjà wa lọ. Ilé ìwé yín ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ṣì pọ̀ ju àga lọ bíi ti èṣí?

Àwa náà wà. Tatiana ọmọ mi ti wọ yunifásítì ní Calavi, ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni ọmọ rẹ̀. Ara Bàbá le, àfi etí náà, àti orúnkún wọn tí wọ́n fi gbá òkúta ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn ló mú mi jókòó kọ ìwé yìí. Ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ọkọ̀ mi fẹ́ẹ̀ jóná ní oríta Godomey. Wọ́n lè ti sọ fún ọ pé wáyà ló fà á. Wáyà kọ́, Ràzáàkì. Owú ni. Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ bó ṣe rí, nítorí ìwọ nìkan ni mo lè sọ gbogbo rẹ̀ fún.

O mọ Bàbá dáadáa. O mọ̀ pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì wa ní Kétu. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí máa ń wá dúró lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kí o lè gbọ́ wọn, o ní ohùn wọn ń gbọ̀n nínú ikùn rẹ. Ọdún kẹfà rèé tí àìsàn ti gba etí wọn. Ti ọ̀tún ti kú pátápátá. Ti òsì, àfi kí ènìyàn pariwo sínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ṣe là ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n ń fi sí àpò, wọ́n á kà á, wọ́n á sì fi ẹnu fèsì.

Láti ìgbà tí mo ti mú wọn wá sọ́dọ̀ mi, èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí Máàsì ní Kútọ̀nú ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Èmi ni mò ń de bẹ́líìtì ọkọ̀ mọ́ wọn. Èmi ni mò ń mú wọn gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà, nítorí mi ò lè máa wakọ̀ kí n tún máa kọ̀wé. Wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà, èmi náà á máa wò ó. Mo rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, Didier àbúrò mi ra ọkọ̀. O rántí pé èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ọkọ̀ àlòkù jáde. Ọkọ̀ náà ní wúfà tí wọ́n ti so mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin jáde. Ó kéré, pépà inú rẹ̀ sì ti ya. Bí wọ́n bá tan orin, ṣe ló máa ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Didier gbé e lọ bá Mùílíù, oníná mọ́tò kan ní Calavi. Mùílíù tú ti ilé iṣẹ́ yẹn dànù, ó kan àpótí pákó tó ṣe déédéé bùútù, ó fi wúfà tuntun sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára tí wọ́n ń pè ní ànpílì. Ó wá fa wáyà nínípọn kan láti orí bàtìrì wá sẹ́yìn, ó sì fi fíùsì sí i nítòsí bàtìrì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Mo fi Didier ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo ní àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ń sọ ọkọ̀ di ilé ọtí Jonquet, àdúgbò aláriwo Kútọ̀nú yẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹjọ, ibà dá mi dùbúlẹ̀, Didier ló wá gbé Bàbá lọ sí Máàsì. Orí ibùsùn ni mo wà nígbà tí wọ́n padà dé. Mo gbọ́ ọkọ̀ náà kó tó wọ géètì. Gíláàsì fèrèsé yàrá mi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ fún ọdún mẹ́fà. Bàbá ń kọrin.

Mo dìde, mo di ògiri mú títí mo fi dé ojú fèrèsé. Didier ti wá kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti ẹgbẹ́ akọrin Kétu rí lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ti ní kí wọ́n bá òun gbé e sórí fóònù, òun ló ń dún nínú ọkọ̀. Bàbá jókòó níwájú, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga gbọingbọin, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n di ojú, wọ́n sì ń kọ apá tiwọn. Etí wọn kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn wọn àti ọwọ́ wọn ló ń gbọ́ ọ, wọn ò sì ṣi ibì kan kọ. Florentine dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ó yẹ kí èmi náà sunkún. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé Bàbá kiri, Didier sì gbé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò fẹ́ ọkọ̀ mi mọ́. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á ti dé fìlà, wọ́n á ti gbé àga sẹ́nu géètì, wọ́n á máa wo ọ̀nà tí Didier ń gbà wọlé. Tíì tí mo bá pò fún wọn á tutù sórí tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí wọ́n ń dárúkọ Didier nídìí oúnjẹ. Bí Didier bá ra ọsàn wá, ọsàn náà á dùn. Èyí tí èmi bá rà lọ́jọ́ kejì lọ́wọ́ obìnrin kan náà, wọ́n á ní ó kan. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ìwọ tí o mọ̀ mí ní ẹni tó sanra, ká ní o rí mi ní oṣù kẹsàn-án ni, bẹ́líìtì ṣòkòtò mi ti sún wọ ihò kẹta.

Mo purọ́ fún Didier. Mo ní àwọn aládùúgbò ń ráhùn nítorí ariwo ọkọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Àwọn mìíràn gan-an máa ń jáde wá dúró gbọ́ Bàbá ni. Didier gbà mí gbọ́. Bó bá ti yà sí àdúgbò wa báyìí, á yí ohùn náà wálẹ̀, Bàbá á sì máa fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn, wọ́n á máa béèrè ìdí tí orin fi kú.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ kan tí Didier wọlé jẹun lẹ́yìn Máàsì, tó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì. Mo mú un. Mo jáde, mo ṣí bùútù. Àpótí náà wà níbẹ̀, wúfà náà dúdú, ó rí roboto, ó kọjú sí mi. Mo di wáyà pupa tó wọ inú ànpílì mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìyàwó mi ló yọ sí mi lẹ́yìn.

"Bàbá Tatiana, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

Mo ní mo kàn ń wo bí wọ́n ṣe so ó ni. Ó wo ọwọ́ mi. Ó dúró síbẹ̀ títí mo fi pa bùútù dé, ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dá a padà sórí tábìlì.

Bí mi ò ti rí ti Didier bà jẹ́, mo pinnu pé màá ṣe tèmi kó ju tirẹ̀ lọ. Ẹnu wúfà tirẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì mẹ́wàá; mo ní tèmi á jẹ́ méjìlá. Mi ò lè lọ bá Mùílíù, nítorí Didier á gbọ́. Mo gba Jonquet lọ ní ọjọ́ Ẹtì kan, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gaël, ẹni tó ń so ẹ̀rọ orin mọ́ ọkọ̀. Mi ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ Gaël, ó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní ihò tí wúfà ilé iṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ mi kò lè gba ti ínṣì méjìlá, pé àpótí ló yẹ kó wọ̀. Ó ní fíùsì tó lágbára tó iṣẹ́ náà ti tán lọ́wọ́ òun, kí n padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ní, "Máàsì kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó ní, "Ọ̀gá, wáyà tí kò ní fíùsì, iná ló ń pè."

Mo ní kó gé ihò náà kó fẹ̀ sí i, kó so wáyà náà bẹ́ẹ̀, pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá padà wá fi ìyókù sí i. Ó wò mí, ó béèrè bóyá ìgbéyàwó ni mò ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gé e, ó sì fa wáyà náà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá lábẹ́ irin ìjókòó iwájú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Èmi fi ìwàǹwára mú tèmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo pe Didier. Mo ní ara Bàbá kò yá, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, pé ilé la máa wà.

Ní òwúrọ̀, Bàbá ti jókòó sẹ́nu géètì bí àṣà wọn. Mo gba ìwé kékeré náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Didier kò ní wá lónìí. Ọkọ̀ tèmi náà ti ní wúfà." Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì dìde kíá bí ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ká ní mo mọ̀ ni, ẹ̀rín yẹn ì bá tó mi.

Mo tan orin. Orin kan náà ni. Tatiana ló bá mi gbà á lọ́wọ́ Didier. Bàbá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, wọ́n di ojú. Mò ń wò wọ́n ju bí mo ṣe ń wo ọ̀nà lọ. Wúfà náà ń pariwo, pẹpẹ ẹ̀yìn ń já sókè já sílẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, ṣùgbọ́n ohùn náà fọ́nká, kò ní ìdí. Bàbá yí àtẹ́lẹwọ́ padà, wọ́n tún fi lé e. Wọ́n mirí.

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi," wọ́n ní.

Mo gbé e sókè. Wọ́n tún mirí. Mo gbé e sókè títí kò fi lọ mọ́. Àwọn oní-zémì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí alùpùpù wọn ń yíjú wò wá. Bàbá fún ojú pọ̀, wọ́n tẹ ẹ̀yìn mọ́ àga, wọ́n ń wá ohùn náà tọkàntọkàn. Mo rí i kedere pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń sapá, kó má baà dùn mí.

Ìsàlẹ̀ afárá oríta Godomey la dé tí mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Èéfín yọ lábẹ́ ìjókòó Bàbá. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n wáyà náà ti orí bàtìrì wá tààrà, pípa tí mo pa ọkọ̀ kò pa iná inú rẹ̀. Bẹ́líìtì Bàbá kò tètè tú. Wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní bí mo ṣe lè sọ fún wọn. Nígbà tó tú, mo fi agbára fà wọ́n jáde, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì balẹ̀ lórí òkúta. Oní-zémì mẹ́ta ti sọ alùpùpù wọn sílẹ̀. Ọ̀kan ṣí iwájú ọkọ̀, ó bọ́ ẹ̀wù yẹ́lò rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó já wáyà kúrò lórí bàtìrì. Àwọn méjì yòókù ń da yanrìn sábẹ́ ìjókòó. Ìjókòó tí Bàbá ti dìde náà jó dé ìdajì.

Ta ni mo fẹ́ pè? Didier ni mo pè.

Ó dé kí n tó mọ ohun tí màá sọ. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló kọ́kọ́ lọ, ó ká ṣòkòtò wọn sókè, ó fi omi wẹ orúnkún wọn. Lẹ́yìn náà ó wo inú ọkọ̀ mi, ó wo ihò tí wọ́n gé, ó tọ wáyà náà láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Fòfó, ṣebí ẹ ní ara Bàbá kò yá?"

O mọ̀ pé bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, bí gbogbo ará Kútọ̀nú ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ náà wúwo lórí mi. Bàbá ń wo ẹnu èmi, wọ́n ń wo ẹnu Didier. Wọ́n béèrè ohun tí à ń sọ. Didier mú ìwé kékeré náà, ó rò ó díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé: "Wáyà ló jó. Kò sí nǹkan mìíràn." Ó bò mí láṣìírí. Èyí tún bí mi nínú sí i, Ràzáàkì, pé ó tún dára jù mí lọ níbẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iná náà, mo bá Bàbá ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fi òróró ra orúnkún. Mo gba ìwé náà, mo sì kọ gbogbo rẹ̀: irọ́ ti aládùúgbò, ti bùútù, irọ́ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ojú ìwé méjì àti ààbọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá mo kọ ọ́ pé, "Mò ń jowú Didier." Wọ́n kà á tán, wọ́n padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n tún un kà.

"Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ kí n tó máa kọ ọ́," wọ́n ní. "Èmi ń kọ ti àárín, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Ọdún méjì ni mi ò fi fẹ́ rí i sójú. Mo máa ń gbàdúrà kí ọ̀fun rẹ̀ dí."

Mo kọ ọ́ pé: "Báwo ló ṣe parí?"

"Ó wá iṣẹ́ lọ sí Gáànà, kò padà mọ́. Wọ́n fún mi ní ipò rẹ̀." Wọ́n tún da òróró sọ́wọ́, wọ́n fi ra orúnkún. "Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo dúró síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń wò títí Máàsì fi parí, bóyá á wọlé."

Wọ́n ya àwọn ojú ìwé tí mo kọ kúrò, wọ́n ká a, wọ́n fi sí àpò. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n lọ bá Didier.

Mo lọ bá a. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró, nítorí bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ bùútù, ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí wáyà náà ti tú nígbà tí mo délé. Mo so ó padà." Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ nǹkan kan. Ó ní kí lòun ì bá sọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó mú Mùílíù wá sílé mi. Wọ́n tú gbogbo ohun tí mo fi ìkánjú so, wọ́n fi pákó dí ihò náà, wọ́n kan àpótí, wọ́n fi fíùsì sí i, wọ́n sì fa wáyà náà gba etí ilẹ̀kùn kí ìjókòó má baà tẹ̀ ẹ́. Didier fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sínú bùútù mi, tó ń de àpótí náà mọ́lẹ̀, tí òógùn ń ro lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá wọlé, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, wọ́n gbọ́ orin kan tán. Gbogbo wa ń retí.

"Ó dára," wọ́n ní. "Ti Didier dára jù."

Mùílíù bú sẹ́rìn-ín. Didier wo ilẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ta mí gan-an níbi tó ti ń ta mí tẹ́lẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́, kò tíì lọ.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo, ti Didier, là ń gbé lọ sí Máàsì báyìí. Didier ń wakọ̀, Bàbá wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, wúfà náà ń tì mí lẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ tì ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Bàbá ń kọ apá tiwọn, èmi dákẹ́, mò ń wo ìta. Wọ́n ṣàdédé dúró. Wọ́n yí ara padà, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láàárín ìjókòó méjèèjì, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà ń kọrin.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ohùn mi ti há, mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ibì kan. Wọn ò gbé ọwọ́ náà kúrò títí orin fi tán.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Didier ń wò wá nínú dígí ọkọ̀. Mo mọ ojú yẹn, Ràzáàkì. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń rí i nínú dígí tèmi.

Kí Àdìzátù fún mi, kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ. Bí o bá rí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà akọrin ìgbà náà ní Kétu, sọ fún wọn pé Bàbá ṣì ń kọrin. Ohun yòókù tó wà nínú ìwé yìí, ìwọ nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́ fún Àdìzátù, ìyẹn kò burú.

Tìrẹ ni mí, pẹ̀lú gbogbo àbùkù mi,

Ọládipọ̀